Bọ́tìnnì Tí Wọ́n Ní Ó Ti Kú

Ní Moshie Zongo, ní ìlú Kumasi, ní orílẹ̀-èdè Gánà, bí ó ti rí níbi gbogbo tí wọ́n ti ń ra kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ láti Kumasi títí dé Ìbàdàn, ìdájọ́ kan wà tí ó tètè máa ń jáde lẹ́nu àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe. Oníbàárà yóò gbé kọ̀ǹpútà àgbéletan rẹ̀ wá. Yóò ní gbogbo lẹ́tà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì tí ó yẹ kí ó gbé ohùn sókè kò gbé nǹkan kan sókè, èyí tí ó yẹ kí ó dá orin dúró kò sì dá nǹkan kan dúró. Oníṣẹ́ ọwọ́ yóò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, yóò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, yóò sì mi orí: “Hàjíà, bọ́tìnnì yẹn ti kú. Ẹ máa ra kíbọọ̀dù mìíràn ni.” Bí Hàjíà bá lówó, yóò ra òmíràn. Bí kò bá lówó, yóò gbà fún Ọlọ́run, yóò sì gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sílé.

Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ìdájọ́ èké ni, bí ẹni tí ó dá a kò tilẹ̀ mọ̀ pé èké ni. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bọ́tìnnì tí wọ́n ní ó ti kú ń sọ̀rọ̀. Ètò inú ẹ̀rọ ni kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì mọ bí wọ́n ti ń mú kí ètò náà gbọ́, agbára kan ti dé ọwọ́ rẹ̀ tí ó ju gbígbé orin sókè àti sísọ orin kalẹ̀ lọ. Ó lè pàṣẹ fún bọ́tìnnì kan náà pé kí ó máa kọ ẹ, ọ àti ṣ ti Yorùbá, tàbí ɛ àti ɔ ti èdè Twi, tàbí ɓ, ɗ àti ƙ ti èdè Hausa. Agbára yìí ni àwọn tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ń dà sí ààtàn lójoojúmọ́, tí àwọn ọ̀mọ̀wé tí ń pariwo pé èdè Áfíríkà ń kú lọ sì ń wò wọ́n níran.

Kí ni bọ́tìnnì gan-an? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé lẹ́tà A wà nínú bọ́tìnnì A bí ẹyin ti ń wà nínú adìẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nọ́ńbà ni gbogbo bọ́tìnnì ń rán sínú ẹ̀rọ. Nínú ìlànà USB, tí ó jáde ní ọdún 1996, bọ́tìnnì tí wọ́n kọ A sí lára lórí kíbọọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì ń rán nọ́ńbà 4, B ń rán 5, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń lọ títí dé Z tí ń rán 29. Ètò inú kọ̀ǹpútà ni ó ń gba nọ́ńbà náà, tí ó ń wo àdéhùn tí wọ́n kọ fún un, tí ó sì ń pinnu pé A ni kí ó hàn lójú ẹ̀rọ. Ẹ̀rí èyí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ra tòkúnbọ̀ rí. Bí kọ̀ǹpútà kan bá ti Jámánì wá, ipò tí Y wà lórí kíbọọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ Z sí. Ẹni tí ó rà á ní Kumasi, tí wọ́n sì ti fi ìlànà Gẹ̀ẹ́sì sínú rẹ̀, yóò tẹ Z, Y ni yóò rí. Kíbọọ̀dù kò ṣẹ̀. Nọ́ńbà 28 ni ó rán, ètò sì ka 28 sí Y. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mọ èyí dájú, wọn kì í sì í sọ fún oníbàárà pé Z ti kú. Wọ́n á yí ìlànà padà, tàbí kí wọ́n lẹ sítíkà mọ́ ọn. Kí ló dé tí ọgbọ́n yìí fi ń dópin sí ibi lẹ́tà?

Bọ́tìnnì ohùn àti ti orin kò yàtọ̀ sí lẹ́tà, àfi pé ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà wọlé. Àwọn tí ó ṣe ìlànà USB pín àwọn nọ́ńbà sí ojú ìwé, ojú ìwé. Àwọn lẹ́tà wà ní ojú ìwé 7. Lórí ọ̀pọ̀ kíbọọ̀dù, ojú ìwé 12 ni àwọn bọ́tìnnì àkànṣe wà: 233 ń gbé ohùn sókè, 234 ń mú un rẹlẹ̀, 226 ń pa á lẹ́nu mọ́, 205 ń dá orin dúró tàbí kí ó mú un tẹ̀síwájú, 394 ń ṣí àpótí lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì, 402 ń ṣí ẹ̀rọ ìṣirò. Ìdí nìyí tí gbogbo lẹ́tà fi lè máa ṣiṣẹ́ geere nígbà tí bọ́tìnnì ohùn dákẹ́ lójú kan náà. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àgbéletan, ìlànà àtijọ́ PS/2 tí IBM gbé jáde ní ọdún 1987 ni kíbọọ̀dù inú wọn ṣì ń tẹ̀lé. Níbẹ̀, bọ́tìnnì àkànṣe kan máa ń rán nọ́ńbà méjì tẹ̀lé ara wọn, 224 ni ó sì máa ń ṣíwájú. Ètò tí kò bá mọ ohun tí ó tẹ̀lé 224 yóò kàn dákẹ́ ni.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí oníṣẹ́ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé, ǹjẹ́ bọ́tìnnì yìí rán nọ́ńbà kankan? Kò ná an ní kọ́bọ̀ láti mọ̀. Ní Linux, ètò tí wọ́n ń pè ní evtest yóò fi nọ́ńbà náà hàn án bí ó bá ti ń tẹ bọ́tìnnì. Xev pàápàá ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlànà X tí xev gbẹ́kẹ̀ lé kò lè ka nọ́ńbà tí ó bá ju 255 lọ, tí bọ́tìnnì mìíràn fi máa ń dà bí òkú lójú rẹ̀ nígbà tí ó yè kooro. Ní Windows, AutoHotkey, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, ní ojú ewé kan tí ó ń to gbogbo bọ́tìnnì tí ènìyàn tẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Bí nọ́ńbà bá jáde, bọ́tìnnì kò kú. Ó ku kí wọ́n wá ẹni tí kò gbọ́ tàbí ẹni tí ó jí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbé.

Ẹni tí ó jí ọ̀rọ̀ gbé wà lóòótọ́. Láti ọdún 2019 tí Chrome ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn bọ́tìnnì orin sí ọwọ́ ara rẹ̀, ènìyàn lè tẹ bọ́tìnnì kí ìwàásù tí ó ń gbọ́ nínú ètò mìíràn lè dúró, kí ó jẹ́ pé fídíò tí ó ti gbàgbé sí ẹ̀yìn ojú ewé mẹ́wàá ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bọ́tìnnì Fn náà wà níbẹ̀, tí ó ti da ọ̀pọ̀ ọ̀gá láàmú. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, Fn kì í rán nọ́ńbà kankan sí ètò. Inú kíbọọ̀dù gan-an ni ó ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Àwọn ẹ̀rọ kan sì wà tí ó jẹ́ pé inú ètò ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní BIOS ni wọ́n ti ń pinnu bóyá F1 sí F12 ni yóò ṣíwájú tàbí bọ́tìnnì ohùn. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀ ní Yúróòpù ti ṣètò rẹ̀ bí ó ti fẹ́, ẹni tí ó rà á kò sì mọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń pa bọ́tìnnì àkànṣe jù lára tòkúnbọ̀ ni ọ̀nà tí ẹ̀rọ náà gbà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó rà á. Kí wọ́n tó kó kọ̀ǹpútà sínú kọ̀ntéńà, wọ́n máa ń nu gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, tàbí kí wọ́n tilẹ̀ yọ ibi ìpamọ́ rẹ̀ kúrò kí àṣírí ẹni tí ó lò ó má bàa tú. Ohun tí ó dára ni. Àmọ́ ètò kékeré tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ náà fi sínú rẹ̀, tí ó mọ ìtumọ̀ àwọn bọ́tìnnì àkànṣe, bá a lọ. Nígbà tí ó dé Gánà tàbí Nàìjíríà, Windows lásán ni wọ́n gbé lé e. Windows mọ àwọn bọ́tìnnì orin tí ó wọ́pọ̀ láti ayé Windows 2000, ṣùgbọ́n kò mọ gbogbo èyí tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan dá sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Bọ́tìnnì wá dà bí ìránṣẹ́ tí ó dé ààfin tí ọ̀gbufọ̀ rẹ̀ ti kú sọ́nà.

Ẹ̀bi àwọn ilé-iṣẹ́ náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi bò. Ìlànà àpapọ̀ wà tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀lé. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá kúrò lórí rẹ̀, tí ó dá nọ́ńbà tirẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì so ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́ ètò kan tí yóò yọ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ti kọ ikú bọ́tìnnì náà sílẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ẹni tí ó rà á ní tuntun ní Frankfurt kò ní mọ ìyàtọ̀. Ẹni tí ó rà á lọ́wọ́ kejì tàbí lọ́wọ́ kẹta ní zongo ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Gbèsè náà kì í ṣe kékeré. Ní ọdún 2005, àjọ Basel Action Network gbé ìròyìn kan jáde lórí ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà ní Èkó. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí 500 kọ̀ntéńà ẹ̀rọ àlòkù ń wọ Èkó lóṣooṣù, pé ó sì tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin nínú ẹrù náà tí àtúnṣe rẹ̀ kò lérè mọ́. Ní Gánà, gbogbo ayé mọ Agbogbloshie ní Accra, níbi tí àwọn ọmọdékùnrin ti ń sun wáyà láti yọ bàbà, kí ìjọba tó wó o ní oṣù keje ọdún 2021. Òfin 917 ti ọdún 2016 wà ní Gánà lórí irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀. Òfin lè dá kọ̀ntéńà dúró ní èbúté. Kò lè dá ẹnu oníṣẹ́ ọwọ́ dúró nígbà tí ó bá ń sọ pé ohun tí ó yè ti kú.

Kíbọọ̀dù tí ó kú lóòótọ́ wà, ẹnikẹ́ni kò sẹ́. Ọyẹ́ ń kó erùpẹ̀ sí i lábẹ́, ọmọdé ń da ọtí ẹlẹ́rìndòdò sí i lórí, rọ́bà ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń gbó. Ṣùgbọ́n irú ikú bẹ́ẹ̀ kì í ṣa bọ́tìnnì ohùn nìkan yàn. Ó sábà máa ń mú lẹ́tà tí ó wà nítòsí dání.

Ẹ jẹ́ kí àtúnṣe dúró díẹ̀, kí ọ̀rọ̀ kan ibi tí ó ti ń dun ni. Ta ni ó sọ pé bọ́tìnnì ìṣirò àti bọ́tìnnì àpótí lẹ́tà ni ayé nílò jù? Wọ́n fi bọ́tìnnì fún ohun tí ènìyàn lè fi eku ọwọ́ tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí ẹni tí ó fẹ́ kọ orúkọ ara rẹ̀ ní Yorùbá ní láti la ojú ewé mẹ́ta kọjá láti rí ọ kan. Yorùbá ní ẹni tí ó lórí kò ní fìlà, ẹni tí ó ní fìlà kò lórí. Lórí kíbọọ̀dù kan náà, bọ́tìnnì wà tí kò ní iṣẹ́, lẹ́tà sì wà tí kò ní bọ́tìnnì.

Àwọn kan yóò dáhùn pé kíbọọ̀dù kì í yí padà, pé bí Sholes ti to QWERTY ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1870 ni yóò wà títí ayé. Àwáwí ni. Nígbà tí owó yúrò dé ní ọdún 1999, àmì rẹ̀ ti wà nínú Windows, ó sì wọ orí kíbọọ̀dù Yúróòpù kíákíá. Íńdíà yan àmì tuntun fún owó rúpì ní ọdún 2010, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ sórí bọ́tìnnì níbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Microsoft kéde bọ́tìnnì tuntun kan fún Copilot, ètò olóye àtọwọ́dá rẹ̀, láàárín ọdún kan náà sì ni ó ti wà lára kọ̀ǹpútà tuntun ní ọjà. Kí ni bọ́tìnnì yìí ń rán sínú ẹ̀rọ? Kò rán ohun ìyanu kankan. Shift, bọ́tìnnì Windows àti F23 ni ó ń rán pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. F23 jẹ́ nọ́ńbà àtijọ́ tí ó ti wà nínú ìlànà tí ẹnikẹ́ni kò lò ó. Ilé-iṣẹ́ tí ó lágbára jù nínú òwò yìí rí nọ́ńbà tí ó ń sùn, ó sì sọ ọ́ lórúkọ. Ohun kan náà ni ọmọ iṣẹ́ ní Moshie Zongo lè ṣe lónìí pẹ̀lú nọ́ńbà 402, kò sì nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, ẹ wo bí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń kọ owó wọn. Àmì ₦ wà nínú Unicode, síbẹ̀ # ni ọ̀pọ̀ ń tẹ̀, tàbí N lásán. Àmì ₵ ti Gánà wọ Unicode ní ọdún 2005, ṣùgbọ́n àmì sẹ́ǹtì àwọn ará Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ ń fi rọ́pò rẹ̀ lórí ìwé ọjà. Àmì wà, nọ́ńbà wà. Bọ́tìnnì ni kò sí.

Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti yẹ kí ó ká ènìyàn lára tó zongo. Ọ̀rọ̀ Hausa ni zongo, ibi tí àwọn oníṣòwò tí ó wà lójú ọ̀nà ti ń sọ̀ kalẹ̀. Moshie Zongo jẹ́ orúkọ àwọn ará Mossi tí wọ́n ti Burkina Faso wá, tí èdè wọn ń jẹ́ Mòoré. Hausa ni ó so àwọn zongo Kumasi pọ̀, Twi ni èdè ìlú, Dagbani wà níbẹ̀, Lárúbáwá wà fún ẹ̀sìn. Àwọn Yorùbá náà pọ̀ ní Kumasi rí, kí ìjọba Busia tó pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó kúrò. Ọ̀pọ̀ di ẹrù, wọ́n padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin. Àwọn mìíràn dúró, àwọn kan sì padà wá lẹ́yìn náà. Yàtọ̀ sí Lárúbáwá, kò sí ọ̀kan nínú àwọn èdè wọ̀nyí tí ó ní gbogbo lẹ́tà rẹ̀ lórí kíbọọ̀dù tí wọ́n sábà máa ń tà fún àwọn tí ń sọ ọ́.

Kí ni ó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Àpèjúwe kan tó. Ẹni tí ó bá fi kíbọọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì tẹ “oko” lórí ìwé, ta ni ó mọ ohun tí ó ń wí? Ó lè jẹ́ oko tí wọ́n ń ro, ọkọ tí ó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro oko, ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ̀, tàbí ọ̀kọ̀ tí ọdẹ ń jù. (Èyí tí ó ṣẹ́kù, àgbà kì í dárúkọ rẹ̀ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn.) Lórí fóònù, láàárín ọ̀rẹ́ méjì, kò burú. Nínú ìwé ìpín ogún ńkọ́, níbi tí wọ́n ti ń pín oko àti ọkọ̀ fún ọmọ? Nínú ìbéèrè ìdánwò ńkọ́? Láti ìpàdé Èkó ti ọdún 1875 títí dé àkọtọ́ tí ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí ní ọdún 1974, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn àgbà fi jiyàn lórí bí wọn yóò ṣe máa kọ Yorùbá. Kíbọọ̀dù kan tí kò ní ìdí ẹsẹ̀ kankan nínú àríyànjiyàn náà wá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kò sì gbin.

Kì í ṣe pé àwọn ọmọ Áfíríkà jókòó lásán. Ilé-iṣẹ́ LANCOR ṣe kíbọọ̀dù Konyin tí ó fi bọ́tìnnì Shift kún Shift, kí àwọn lẹ́tà èdè Nàìjíríà lè ráyè. Ọ̀rọ̀ náà gbóná débi pé ní ọdún 2007 wọ́n pe àjọ OLPC, tí ń pín kọ̀ǹpútà fún àwọn ọmọdé, lẹ́jọ́ ní Nàìjíríà pé wọ́n lo ìlànà àwọn láìgba àṣẹ. Ní Ìbàdàn, Túndé Adégbọlá àti àjọ Alt-i rẹ̀ ṣe ìlànà ìtẹ̀wé Yorùbá. Kasahorow ṣe tirẹ̀ fún àwọn èdè Gánà. YorubaName, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015, gbé kíbọọ̀dù Yorùbá àti ti Igbo jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Windows fúnra rẹ̀ ní ìlànà Yorùbá nínú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ nínú àwọn tí ń lò ó ni wọ́n tíì ṣí ibẹ̀ wò rí.

Iṣẹ́ ribiribi ni gbogbo wọn. Síbẹ̀, wọn kò dé ọ̀dọ̀ Hàjíà. Ìdí rẹ̀ sì ni pé àwọn ọ̀mọ̀wé gbé iṣẹ́ wọn lọ sí gbọ̀ngàn àpérò àti sí ọ́fíìsì mínísítà, wọ́n gbàgbé tábìlì tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà níbi tí wọ́n ti ń fi ètò sínú ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni ìlànà ìkọ̀wé ti ń yè tàbí tí ó ti ń kú. Ọmọ ogún ọdún kan tí ó ní díráífù kékeré lọ́wọ́ ni ó ń yan èdè tí kọ̀ǹpútà àdúgbò yóò máa gbọ́, Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà ni ó sì ń yàn, torí pé ohun tí ó kọ́kọ́ jáde lójú ẹ̀rọ nìyẹn.

Ohun tí ó yẹ kí ó ṣe kò le. Láti ayé tapuréètà ni irú bọ́tìnnì kan ti wà tí àwọn oníṣẹ́ ìtẹ̀wé ń pè ní òkú bọ́tìnnì. Wọ́n pè é bẹ́ẹ̀ nítorí pé bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́, ìwé kì í sún. Ó ń dúró de lẹ́tà tí yóò tẹ̀lé e, kí àmì lè bọ́ sí i lórí. Bí àwọn ará Faransé ti ń fi àmì sórí ê wọn nìyẹn títí di òní. Kí oníṣẹ́ mú bọ́tìnnì àpótí lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò lò, kí ó sọ ọ́ di òkú bọ́tìnnì fún àmì ìsàlẹ̀: tẹ̀ ẹ́, kí o tẹ e, ẹ jáde, tẹ̀ ẹ́, kí o tẹ s, ṣ jáde. Kí ó sọ bọ́tìnnì ìṣirò di ti Twi àti Dagbani, kí e di ɛ, kí o di ɔ, kí n di ŋ. Kí ó fi bọ́tìnnì kẹta fún Hausa, kí b di ɓ, kí d di ɗ, kí k di ƙ. Àmì ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ yóò gba méjì sí i. AutoHotkey lè ṣe gbogbo rẹ̀ ní Windows, ìlànà XKB sì lè ṣe é ní Linux. Ojú ewé kan ṣoṣo ni gbogbo àṣẹ náà. Bí ẹnìkan bá ti kọ ọ́ dáadáa lẹ́ẹ̀kan, ẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ lè gbà á.

Ìṣòro kan wà tí kò yẹ kí wọ́n fi pamọ́ fún un. Ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ọ náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Méjì ni wọ́n ń so pọ̀. Nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ pa á rẹ́, ó lè jẹ́ àmì òkè nìkan ni yóò kọ́kọ́ lọ. Oníbàárà yóò rò pé ẹ̀rọ tún ti bàjẹ́. Kí oníṣẹ́ ṣàlàyé fún un kí ó tó kúrò níbẹ̀.

Àwọn kan yóò ní fóònù ti gba iṣẹ́ yìí ṣe, pé Gboard ní Yorùbá, ó sì ní Hausa. Òótọ́ ni, kò sì burú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orí fóònù ni wọ́n ti ń tẹ ìbéèrè ìdánwò ilé-ìwé, tàbí ìwé àdéhùn ilé, tàbí ìkéde mọ́sálásí, tàbí ìwé ìròyìn. Orí kọ̀ǹpútà ni, kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ sì ni lọ́pọ̀ ibi. Ibi tí ìwé ti ní àṣẹ ni èdè Áfíríkà kò ti ní bọ́tìnnì.

Àwọn mìíràn yóò béèrè èdè tí wọn yóò fi síbẹ̀ nínú àdúgbò tí ó ní èdè márùn-ún. Ìbéèrè yìí dùn ún gbọ́ létí, àmọ́ ẹni tí ó ń bi í kò bi Gẹ̀ẹ́sì ní irú rẹ̀ rí. Òkú bọ́tìnnì kò sì yan ẹnì kan ju ẹnì kan lọ: ẹni tí kò bá nílò àmì kò ní tẹ̀ ẹ́, gbogbo lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì yóò sì wà níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Ní ti Mòoré, ɩ àti ʋ rẹ̀ lè wọ abẹ́ bọ́tìnnì kan náà pẹ̀lú ti Twi láìsí ìjà kankan.

Ọ̀rọ̀ owó ni ti àwọn oníṣẹ́ fúnra wọn, òun ni ó sì lágbára jù. Ta ni yóò san owó rẹ̀? Oníṣẹ́ tí ó bá sọ pé bọ́tìnnì ti kú ń jèrè lórí kíbọọ̀dù tí ó tà. Oníṣẹ́ tí ó bá jí i dìde lè má rí ju owó omi lọ. Kò sí ọ̀rọ̀ dídùn tí ó lè pa ìyẹn rẹ́. Àmọ́ wọ́n ń gba owó láti fi Windows sínú ẹ̀rọ, wọ́n ń gba owó láti fi ètò tí ń pa kòkòrò sí i, àwọn mìíràn ń kó sinimá kún un kí oníbàárà lè padà wá. Ojú ewé àṣẹ kan kò wúwo ju sinimá lọ. Olùkọ́ tí ń tẹ ìbéèrè, akọ̀wé ìgbìmọ̀ mọ́sálásí, ẹni tí ń ṣe káàdì ìgbéyàwó lẹ́bàá ọ̀nà, gbogbo wọn yóò san ohun kékeré sí i lórí ẹ̀rọ tí ó lè kọ orúkọ ènìyàn bí ó ti tọ́, bí wọ́n bá mọ̀ pé ó ṣeé ṣe.

Láti mọ̀ pé ó ṣeé ṣe, wọ́n ní láti rí i lára bọ́tìnnì. Oníṣẹ́ tí ó bá ń lẹ sítíkà Gẹ̀ẹ́sì mọ́ kíbọọ̀dù Jámánì ti ní ohun tí ó nílò lórí tábìlì rẹ̀: abẹ́, òòtẹ̀ àti ìwé funfun tí ń lẹ̀. Sítíkà tí ó ní ọ, ɔ àti ɗ ni kò tíì gé.